Adáptọ̀ lẹ́ǹsì tí mo fọwọ́ ara mi ṣe: ṣé ó ṣì níye lórí?

Ẹ̀yin tí ẹ mọ kámẹ́rà fídíò dáadáa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo ṣe adáptọ̀ kan tó ń jẹ́ kí n lo lẹ́ǹsì fọ́tò 35mm lórí kámẹ́rà fídíò àtijọ́ tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ (ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà) kéré. Lẹ́ǹsì á gbé àwòrán sórí gíláàsì tí ojú rẹ̀ ṣú, kámẹ́rà á wá ya ìyẹn láti ẹ̀yìn. Ojú ẹni á mọ́ kedere, ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á di bàìbàì bíi ti sinimá. Ó dùn ún wò!

Àwòrán ń dorí kodò o, àmọ́ kọ̀ǹpútà ni mo fi ń yí i padà. Èyí tó ń dà mí láàmú ni pé ìmọ́lẹ̀ ń dínkù, bí mo bá sì dín ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ lẹ́ǹsì kù dé ìwọ̀n f/8, àwọn hóró kéékèèké ojú gíláàsì á hàn ketekete nínú àwòrán. Kí hóró yìí má bàa hàn, ṣé kí n fi mọ́tò kékeré, irú èyí tó ń mú fóònù gbọ̀n, mi gíláàsì náà ni, àbí gíláàsì tó ń yí bíríbírí ló dáa jù?

Ẹnì kan fẹ́ rà á. Láti 2008 tí àwọn kámẹ́rà fọ́tò bíi Nikon D90 àti Canon 5D Mark II, tí wọ́n ń lo irú lẹ́ǹsì yìí tààrà, ti ń ya fídíò, ṣé adáptọ̀ yìí ṣì lówó lórí, àbí lẹ́ǹsì nìkan ni kí n díyelé?