Ìdáhùn: mi ò fara mọ́ "àìsàn inú èlò ọ̀fẹ́"

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, mo kí gbogbo yín láti Adó-Èkìtì.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń ka ọ̀rọ̀ yìí láìdá sí i, nítorí ẹni tó dá a sílẹ̀ jù mí lọ, bí ọmọdé bá sì fẹ́ ta ko àgbà, ó yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ dópin. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ìkéré ló ní kí á wá orúkọ Yorùbá fún ibi tí ọ̀tá lè gbà wọ inú sọ́fítíwíà, pàápàá èyí tó bá wà nínú kódù tí gbogbo ayé ń lò, tí ilé-iṣẹ́ wá kó sínú ọjà tiwọn, tí wọ́n ń tà á fún báńkì, ilé ìwòsàn àti ìjọba. Ẹ̀gbọ́n dábàá "àìsàn inú èlò ọ̀fẹ́". Àǹtí wa láti Ìjerò ní "ògiri lanu" dùn jù ú lọ. Ọ̀pọ̀ yín ti gbè sẹ́yìn Ẹ̀gbọ́n.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Nínú ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí ẹ tò yẹn, "èlò" nìkan ni mo lè gbà lọ́wọ́ yín. Màá padà sórí rẹ̀.

Lẹ́tà kan ló gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan níbí bẹ̀ mí pé kí n bá àwọn tú ìwé tí ilé-iṣẹ́ tó ta sọ́fítíwíà ìṣirò owó fún wọn fi ránṣẹ́. Ìwé náà kò ju ojú ewé kan lọ: wọ́n ti rí nǹkan kan nínú Log4j (kódù kan tí màá ṣàlàyé láìpẹ́), kí àwọn oníbàárà fọkàn balẹ̀. Mo jókòó, mo tú u, mo fi "àìlera" síbi tó yẹ, inú mi sì dùn sí ara mi. Nígbà tí mo kà á fún ìgbìmọ̀ wọn, ìyá tó jẹ́ akọ̀wé, tó ń ta ata ní Ọjà Bísí, gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n ti wọlé ni, àbí wọ́n lè wọlé?"

Mi ò rí nǹkan sọ. Mo mọ ìdáhùn o, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí mo lò ni kò ní in nínú. "Àìlera" kò sọ pé olè ti wọlé, kò sì sọ pé olè lè wọlé. Gbogbo ohun tó sọ ò ju pé ara ń ro sọ́fítíwíà. Alága wọn tilẹ̀ ń béèrè bóyá ó lè ràn mọ́ fóònù òun. "Àìsàn" ti Ẹ̀gbọ́n á tún burú ju tèmi lọ, torí àìsàn a máa ranni, a sì máa lọ fúnra rẹ̀ nígbà mìíràn bí èèyàn bá sinmi. Nǹkan tí à ń sọ yìí kì í lọ fúnra rẹ̀. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ kí ẹnikẹ́ni tó kọsẹ̀ lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé Log4j bí mo ṣe padà ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Kódù kan ni, àwọn èèyàn tó yọ̀ǹda ara wọn ló ń tọ́jú rẹ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Apache Software Foundation. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, bíi ìwé tí mẹ́gáàdì máa ń gbé sẹ́nu géètì. Àlejò dé, mẹ́gáàdì bi í pé kí lorúkọ rẹ̀. Àlejò ní, "Orúkọ mi ni Lọ-sí-Fájuyì-gba-ẹrù-lọ́wọ́-ọkùnrin-kan-kí-o-gbé-e-wọlé." Mẹ́gáàdì tó gbọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, á rẹ́rìn-ín. Mẹ́gáàdì tiwa gbé bírò sílẹ̀, ó forí lé Fájuyì, ó ru ẹrù náà wọlé, ó sì tú u sílẹ̀ ní pálọ̀. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Bí ẹnì kan bá fi ọ̀rọ̀ tó ní àṣẹ nínú ránṣẹ́ síbi tí kódù náà ti ń kọ nǹkan sílẹ̀, kódù náà á lọ bá ẹ̀rọ tí àṣẹ náà dárúkọ, á sì gbé ohun tó bá bá níbẹ̀ wá ṣiṣẹ́ nínú ilé. Láti ọdún 2013 ni àyè yìí ti wà níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Alibaba Cloud kan ló fi tó Apache létí ní ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 2021. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejìlá, ariwo ti gba ayé kan. Nínú òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ewu irú nǹkan báyìí, 10 nínú 10 ló gbà.

Ó yá, kí ló ń ṣe mẹ́gáàdì yìí? Ara rẹ̀ yá gágá. Ìgbọràn ló kó bá a. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kọ́ ọ pé kó máa lọ gbé nǹkan wá ni, wọ́n rò pé yóò wúlò.

Ẹni tó kọ̀wé láti Ìkọ̀lé ní kí á kúkú lo "àlébù". Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ibẹ̀. Àlébù bá ti OpenSSL mu (kódù gbogboogbò tí wọ́n fi ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì), èyí tí wọ́n rí ní oṣù kẹrin ọdún 2014 tí wọ́n ń pè ní Heartbleed. Níbẹ̀, ẹ̀rọ kan á fi ọ̀rọ̀ kékeré ránṣẹ́ sí èkejì pé kó dá a padà láti fi hàn pé òun ṣì wà láàyè. Ẹni ibi á fi ọ̀rọ̀ oní-lẹ́tà mẹ́ta ránṣẹ́, á ní lẹ́tà rẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Ẹ̀rọ kejì kò kà á wò. Yóò kàn máa bu ohun tó wà nítòsí nínú iyè rẹ̀ kún un, ọ̀rọ̀ aṣínà àti àṣírí lóríṣiríṣi, títí iye yẹn á fi pé. Ẹni tó kọ ọ́ gbàgbé láti ní kó kà á. Àlébù nìyẹn, kò sí àríyànjiyàn. Àmọ́ orúkọ tí à ń wá gbọ́dọ̀ gba ti olùgbàgbé yìí àti ti olùgbọràn àkọ́kọ́ mọ́ra, "àlébù" kò sì gba ti olùgbọràn.

Àǹtí, tiyín ló sún mọ́ ọn jù. Bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ògiri máa ń lanu fúnra rẹ̀ ni, òjò àti ọjọ́ ló máa ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ wọ́n fọwọ́ ara wọn gbẹ́ ti Log4j ni. Àmọ́ ẹ tún òwe náà gbọ́ dáadáa. Ẹ mú ògiri, ẹ mú ẹnu rẹ̀, ẹ fi ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù sílẹ̀ síbẹ̀: ráyè. Alángbá ò lè *ráyè*. Bí ògiri sán o, bí bíríkìlà gbàgbé búlọ́ọ̀kù kan o, bí onílé fọwọ́ ara rẹ̀ la fèrèsé síbi tí kò yẹ o, alángbá ò bèèrè. Àyè ló ń wá.

Nítorí náà, ohun tí mo dábàá ni "àyè olè".

Ẹ fi sínú gbólóhùn kí ẹ gbọ́ ọ. Àyè olè wà nínú sọ́fítíwíà yín. Wọ́n ti dí àyè olè náà. Olè ti gba àyè náà wọlé. Ìyá akọ̀wé ò ní bi mí ní ìbéèrè ọjọ́ yẹn mọ́, torí ẹni tó bá ní àyè olè wà kò tíì sọ pé olè dé. Ti àtúnṣe, gbogbo wa ti gbà pé "àbùlẹ̀" ni, a ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. (Oṣù Kejìlá yẹn gan-an, ẹ̀dà Log4j tuntun, 2.15.0, jáde, kò dí i tán, 2.16.0 tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà 2.17.0. Àbùlẹ̀ lórí àbùlẹ̀! Èdè wa ti ṣe tán kí kọ̀ǹpútà tó dé.)

Mo mọ ibi tí ẹ máa ti mú mi. Àwọn tí kì í fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ á kọ "aye ole", ẹlòmíràn á kà á sí ìgbésí ayé olè, ẹlòmíràn á ní ọ̀lẹ ni. Mo gbà. Ìyà tí àìfàmìsí fi ń jẹ wá nìyẹn, kì í ṣe ti ọ̀rọ̀ yìí nìkan.

Ohun kan wà tí mi ò fẹ́ kí á kó mọ́ àyè olè. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Andres Freund ṣàkíyèsí pé wíwọlé sórí ẹ̀rọ òun ń fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó tú u wò títí ó fi bá ọ̀tẹ̀ nínú kódù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní xz. Ẹnì kan tó ti fi nǹkan bí ọdún méjì bá wọn ṣiṣẹ́, tí wọ́n ti fọkàn tán, ló bò ó síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbàgbé nǹkan níbẹ̀. "Ẹ̀bùrú" ni kí á pe ìyẹn: ọ̀nà tí ẹni inú ilé là sẹ́yìn kùlé.

Ó wá ku "ọ̀fẹ́", ibi tí ìjà wa wà gan-an nìyí.

Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá pe èlò yìí ní èlò ọ̀fẹ́, ẹni tó bá gbọ́ pé àyè olè wà nínú rẹ̀ á ní, "Ṣé ẹ rí i? Nǹkan tí èèyàn ò san owó fún." Orúkọ náà ti dá ẹjọ́ kí wọ́n tó pe ẹlẹ́rìí. Bẹ́ẹ̀, owó kọ́ ló jẹ́ kí kódù wọ̀nyí yàtọ̀. Ẹnikẹ́ni lè ka bí wọ́n ṣe sè é, kó tún un sè, kó bu iyọ̀ sí i, kó fún aládùúgbò. Mo ti rí i tí àwọn kan ń lo "orísun ṣíṣí" fún ohun tí òyìnbó ń pè ní "open source". Ẹ̀yin ará Èkìtì, kí ló ń sọ sí yín lọ́kàn bí ẹ bá gbọ́ orísun? Ìkògòsì ni, omi gbígbóná àti omi tútù tó ń ṣàn pàdé ara wọn. Orísun tó ṣí sílẹ̀ á dà bíi kànga tí wọn ò dé. "Kódù gbangba" tó fún mi.

Ohun tó wá jẹ́ ẹ̀dùn ọkàn mi ni pé gbangba náà kì í pẹ́ kó tó di òkùnkùn. Ilé-iṣẹ́ á mú kódù gbangba ọgbọ̀n, á dà wọ́n pọ̀, á dì í, á lẹ orúkọ tiẹ̀ mọ́ ọn, á sì tà á lówó gọbọi. Ẹni tó rà á kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ wo ata gígún ní Ọjà Bísí: ẹni tó gún un ló mọ ohun tó gún mọ́ ọn. Ẹni tó fi se ọbẹ̀ tà fún yín kò mọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń jẹun ní tiyín ò tilẹ̀ mọ̀ pé ata gígún ló lò. Ìdí nìyẹn tí mo fi gba "èlò" lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, tí mo sì kọ "ẹ̀yà" tí àwọn kan mú wá. Ẹ̀yà ara bá èèyàn wáyé ni. Èlò ọbẹ̀, ọjà la ti rà á, èlò sì lè wà nínú èlò. Ọ̀pọ̀ àwọn tó lo Log4j ò mọ̀ pé àwọn ń lò ó; inú èlò mìíràn ló sápamọ́ sí, ìyẹn náà wà nínú òmíràn.

Gbogbo oníbàárà ló ń béèrè *èló* ni. Kò sẹ́ni tó béèrè *èlò* wo ni.

Ẹ sì wo Equifax, ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè àwọn èèyàn, ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2017. Àyè olè wà nínú Apache Struts, kódù gbangba. Àwọn tó ni ín rí i, wọ́n sì gbé àbùlẹ̀ jáde ní oṣù kẹta láìgba kọ́bọ̀. Equifax ò fi sí ibi tó yẹ. Ní oṣù karùn-ún olè wọlé, ó sì di oṣù Keje kí wọ́n tó mọ̀. Ìwífún àwọn èèyàn bíi mílíọ̀nù 147 ló lọ. Ta ló sùn níbẹ̀? Orúkọ tó bá ní "ọ̀fẹ́" nínú á na ìka sí ẹni tó jí. Equifax tilẹ̀ ní agbára láti lẹ àbùlẹ̀ náà fúnra wọn. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tó ra ọjà dídì, kí ni wọ́n fẹ́ ṣe? Kí wọ́n jókòó, kí wọ́n máa retí kí ẹni tó dì í wá tú u.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, àṣẹ ààrẹ Amẹ́ríkà tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 14028 ní kí wọ́n ṣe ìlànà pé kí àwọn tó ń ta sọ́fítíwíà fún ìjọba máa fi ìwé tó to gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́ ọn. "Ìwé èlò" ni mo pè é. (Ẹ̀yin tí ilé jẹ́ ulé lẹ́nu yín, tí ẹ máa pè é ní ùwé èlò, kò burú.) Mo ní kí ẹgbẹ́ náà béèrè rẹ̀. Wọ́n béèrè. Ìwé mìíràn dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kò sí èlò kankan nínú rẹ̀, gbólóhùn kan péré ni, pé Log4j kò kan ọjà àwọn. Bí mo ṣe tú u nìyẹn: "Kò kàn wá." Àfi bí Ìyá akọ̀wé ṣe dìde dúró. Ó ní, "Kò kàn wọ́n kẹ̀? Owó wa ló wà níbẹ̀!"

Ilé-iṣẹ́ náà fẹ́ sọ pé àyè olè kò sí nínú ọjà wọn. Ohun tí ìyá gbọ́ ni pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ìṣòro wọn. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ mìíràn fún "kàn" níbẹ̀ láti ìgbà yẹn, mo ti gbìyànjú "kò dé ọ̀dọ̀ wa", mo ti gbìyànjú "kò bá wa". Ẹ bá mi wò ó. Èmi ò tíì rí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn, kò sì dá mi lójú mọ́ pé ìyá ni kò gbọ́ ọ dáadáa.