Rọ́ọ̀kì kì í ṣe àpáta, kọ́ńtìrì kì í ṣe orin orílẹ̀-èdè

Ẹ̀yin àgbà àti ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ yìí, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìròyìn àwọn olórin sí Yorùbá bi wá léèrè pé kí ni ká máa pe orin rock àti orin country. Àwọn fúnra wọn ti ń lo "orin àpáta" àti "orin orílẹ̀-èdè". Àbúrò wa kan fèsì pé "orin ará oko" ló yẹ kí country máa jẹ́, torí pé àwọn àgbẹ̀ àti àwọn tó ń da màlúù ló ni í. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ orin méjèèjì, mo sì ń ra àwo wọn tuntun títí dòní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí tó wọ ìwé ìròyìn, torí bí ọ̀rọ̀ bá ti wọ ibẹ̀, yíyọ rẹ̀ a máa nira.

Rock tó wà nínú orúkọ orin yẹn kì í ṣe òkúta rárá. Ọ̀rọ̀ ìṣe ni. Kí nǹkan máa fì síhìn-ín, kó máa fì sọ́hùn-ún, bí orí ọmọ ṣe ń fì lẹ́yìn ìyá tó ń gúnyán. Àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ló ń lò ó bẹ́ẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí ẹ̀mí bá gbé wọn, àti nílé ijó, níbi tó ti ní ìtumọ̀ mìíràn tí àwọn àgbà mọ̀. Ní 1922 ni Trixie Smith, akọrin obìnrin aláwọ̀ dúdú kan, ti kọ orin kan tí rock àti roll jọ wà nínú orúkọ rẹ̀. Ó tó nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà kí Alan Freed, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan, tó máa pariwo "rock and roll" lórí rédíò ní ìlú Cleveland ní Amẹ́ríkà. Tí a bá wá sọ ọ́ di àpáta, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ mìíràn tó kàn jọ ọ́ lẹ́nu la tú sí Yorùbá.

Àpáta sì ti ní ipò tirẹ̀ nínú orin wa. Ẹni tó bá gbọ́ "orin àpáta", "Àpáta Ayérayé" inú ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ó sì dùn mí pé àṣìṣe náà ń bo ìtàn mọ́lẹ̀, torí pé láti ṣọ́ọ̀ṣì ni obìnrin tí wọ́n ń pè ní ìyá rọ́ọ̀kì, Sister Rosetta Tharpe, ti gbé gìtá rẹ̀ wá. Orin ìyìn ló ń kọ. Gbogbo ara rẹ̀ ló ń fì bó ṣe ń ta gìtá náà. Ọdún 2018 ni wọ́n tó fi orúkọ rẹ̀ sínú ilé ọlá àwọn olórin rọ́ọ̀kì, ó sì ti kú láti 1973.

Mo fi àwo tuntun dán ọ̀rọ̀ náà wò. Nígbà tí The Cure, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan, gbé àwo Songs of a Lost World jáde ní oṣù kọkànlá 2024, ọdún 16 ló ti pé tí wọ́n ti ṣe àwo tuntun gbẹ̀yìn. Orin àkọ́kọ́ inú rẹ̀ lo ìṣẹ́jú mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kí Robert Smith, akọrin wọn, tó ya ẹnu. Gìtá àti ìlù ló ń lọ, díẹ̀díẹ̀, bí àwọn onígìtá jùjú ṣe máa ń tẹ́ ẹní sílẹ̀ de ọ̀gá wọn. Òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo àwo rọ́ọ̀kì tí mo rà lọ́dún náà. Mi ò gbọ́ òkúta kankan níbẹ̀. Omi ni mo gbọ́, ó ń fì.

Ẹnì kan lè ní Rolling Stones ńkọ́? Òkúta gidi ni ti orúkọ wọn, inú orin Muddy Waters kan ti 1950 ni wọ́n ti mú un, àmọ́ orúkọ ẹgbẹ́ ni, kì í ṣe orúkọ irú orin tí wọ́n ń kọ. Àwo Hackney Diamonds tí wọ́n ṣe ní 2023 ní ibi tó wú mi lórí gan-an, níbi tí Lady Gaga ti bá Mick Jagger, akọrin wọn, gbé ohùn, tí Stevie Wonder wà nídìí dùùrù. Ohùn ṣọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ dúdú ló padà sí. Àwọn orin ìyókù, mo kàn gbọ́ wọn ni. Ti ẹgbẹ́ Linkin Park, àwo From Zero, wà fún àwọn tó fẹ́ kí orin gbá wọn láyà. Emily Armstrong tó bọ́ sí àyè Chester Bennington, akọrin wọn tó ti kú, kò fara wé e, ohun tí mo sì yìn ín fún nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wo bí àwa fúnra wa ṣe ń sọ orin lórúkọ. Sákárà gba orúkọ lára ìlù rẹ̀. Fújì ńkọ́? Ayinde Barrister sọ pé ìpolówó òkè Fuji ti ilẹ̀ Japan tí òun rí ní pápákọ̀ òfurufú ni òun ti mú un. Òkè gidi ni Fuji, òkè tó ga, tó ní òkúta lórí. Ta ló wá ń pe orin Barrister ní "orin òkè"? A gbà á gẹ́gẹ́ bí orúkọ, ahọ́n wa sì sọ ọ́ di tiwa. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo fẹ́ kí rọ́ọ̀kì jẹ́ rọ́ọ̀kì. Ìgbà tí a bá ń ṣàlàyé ìtumọ̀ rẹ̀ fún ọmọ ilé ìwé ni ká mú "fì" jáde.

Ti country ló le jù. "Orin orílẹ̀-èdè" kò ṣófo, ó ti ní ohun tó ń jẹ́ ẹ: orin tí a máa ń dìde dúró kọ. Ní oṣù karùn-ún 2024 tí ìjọba Nàìjíríà pa tiwa dà, tí wọ́n padà sí èyí tí a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ní 1960, ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni a fi ń jiyàn. Oṣù méjì péré ṣáájú ìgbà náà ni Beyoncé gbé Cowboy Carter jáde. Nígbà tó fi gba Grammy ní 2025 fún àwo country tó dára jù, ẹni tó bá kà á ní Yorùbá pé ó gba ẹ̀bùn fún "orin orílẹ̀-èdè", kí ni kó rò?

Àbúrò mi, mo mọ̀ pé o kò ní èébú lọ́kàn nígbà tí o kọ "orin ará oko". Àmọ́ tí wọ́n bá pe èèyàn ní ará oko nílé wa, inú rẹ̀ kì í dùn. Àwọn tó ń ta àwo ní Amẹ́ríkà náà ti ṣe irú rẹ̀ rí: hillbilly ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ará orí òkè tí ojú rẹ̀ kò là. Ọ̀pọ̀ olórin náà ni kò fẹ́ orúkọ yẹn. Ní 1949 ni ìwé ìròyìn Billboard bẹ̀rẹ̀ sí í lo "country and western" lórí àtẹ rẹ̀. Ṣé ẹrù tí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ la fẹ́ gbé padà lé wọn lórí?

"Orin ìgbèríko" sàn ju méjèèjì lọ, torí ìgbèríko ni country ń sọ níbẹ̀ ní tòótọ́. Bí a bá fi ṣàlàyé, mo fara mọ́ ọn. Bí a bá fi ṣe orúkọ, ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò rò pé ìjálá là ń sọ, tàbí orin tí wọ́n ń kọ lóko kòkó. Ọmọ Houston sì ni Beyoncé, ìlú ńlá ni. Lórí àwo rẹ̀ yẹn, Linda Martell, aláwọ̀ dúdú obìnrin àkọ́kọ́ tó dá kọrin ní Grand Ole Opry, ètò orin kọ́ńtìrì tó lókìkí lórí rédíò, ní 1969, ń sọ bí orúkọ tí wọ́n ń fún orin ṣe máa ń há olórin mọ́. Àwo náà gùn jù, mo lè yọ orin bíi mẹ́jọ kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí Rhiannon Giddens ti ta bánjò, ohun èlò olókùn bíi gìtá, sí orin "Texas Hold 'Em", mo máa ń dá a padà gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Ilẹ̀ Áfíríkà wa ni bánjò ti ṣí lọ. Ìbátan rẹ̀, akonting, ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ẹ̀yà Jola ní Sẹ̀nẹ̀gà àti Gáḿbíà.

Ẹ tún wo Shaboozey, olórin kọ́ńtìrì. Ọmọ Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀, Virginia ni wọ́n bí i sí. Chibueze lorúkọ rẹ̀, ahọ́n àwọn ará Amẹ́ríkà kò gbà á, bí wọ́n ṣe ń ṣì í pè ló sọ di orúkọ orí àwo. Ọ̀sẹ̀ 19 ni orin rẹ̀ "A Bar Song" fi wà lókè àtẹ Billboard ní 2024. (Ní tèmi, àwọn orin tó rọra kọ lórí àwo rẹ̀ dára jù ú lọ.) Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń kọjá láti ẹnu kan sí òmíràn nìyẹn, tó sì ń yè. Kọ́ńtìrì náà yóò yè bẹ́ẹ̀.

Nílé wa, bàbá mi kò pè é ní kọ́ńtìrì, wọn ò sì pè é ní ìgbèríko. "Orin Jim Reeves" ni wọ́n ń pè é, kódà bó jẹ́ Don Williams ló ń kọrin. Jim Reeves ti kú nínú ọkọ̀ òfurufú láti 1964, síbẹ̀ kò sí Kérésìmesì tí ohùn rẹ̀ kì í jáde láti pálọ̀ wa. Tí mo bá gbọ́ Chris Stapleton, olórin kọ́ńtìrì òde òní, lórí àwo Higher, ohùn kan náà tó ń mú bàbá mi dákẹ́ ló ń mú èmi náà dákẹ́.

Mi ò kórìíra kí a ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ o. Ohun èlò ló yẹ ká ṣẹ̀dá orúkọ fún, torí pé a rí bó ṣe ń ṣiṣẹ́, bí a ṣe rí bọ́ọ̀lù tí a fi pè é ní àfẹsẹ̀gbá. Gìtá kan wà tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ bíi tábìlì, tí wọ́n ń fi irin yọ̀ lórí okùn rẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ irin ìsàlẹ̀ kí ohùn lè máa gòkè, kó máa sọ̀. Òun ló ń sunkún nínú kọ́ńtìrì. King Sunny Adé mú un wọ jùjú, Demola Adepoju ló ń ta á, òun náà ló sì ta á fún Paul Simon, olórin Amẹ́ríkà, lórí àwo Graceland ní 1986. Pedal steel ni a ṣì ń pè é lẹ́nu wa. Mo dábàá "gìtá àfẹsẹ̀tẹ̀". Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi fi èyí sínú ìròyìn yín tó ń bọ̀, kí ẹ sì fi kọ́ńtìrì àti rọ́ọ̀kì sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà.