Èló ni wọ́n ń yọ nínú owó ìfẹ̀yìntì wa níbi iṣẹ́, báwo la sì ṣe lè mọ̀ ọ́n ní pọ́ùn?

Òṣìṣẹ́ Alẹ́ béèrè pé:

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Láti ọdún 2016 tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba, ibi iṣẹ́ mẹ́ta ni mo ti kọjá, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì forúkọ mi sílẹ̀ sínú ètò owó ìfẹ̀yìntì láìbi mí léèrè ilé-iṣẹ́ tí mo fẹ́ kó máa tọ́jú owó náà. N kò bínú sí ìyẹn, torí mo mọ̀ pé òfin tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní 2012 ló ní kí agbanisíṣẹ́ máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni ìwé ọdọọdún tí ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó mi kejì fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ojú-ìwé mẹ́rìnlá ni. Iye tí mo ní, £11,400, hàn gbangba lójú-ìwé àkọ́kọ́, àmọ́ ojú-ìwé kọkànlá ni mo ti rí iye tí wọ́n ń yọ, ìdá 0.75 nínú 100 sì ni wọ́n kọ síbẹ̀ láìsí pọ́ùn kankan. Wọ́n tún fi lẹ́tà wínníwínní kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé iye tí wọ́n ń ná lórí ríra àti títa ìdókòwò kò sí lára rẹ̀. Mo pè wọ́n lórí fóònù, wọ́n ní kí n lọ wo ìkànnì àwọn.

Ṣé mo lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ gbogbo ohun tí wọ́n ń yọ? Ṣé ó sì bọ́gbọ́n mu kí n kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sójú kan?

Akọ̀wé Owó-oṣù dáhùn pé:

Ẹ kú ìrònú o. Ó lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo fi ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka tó ń san owó oṣù, mo sì lè sọ fún yín pé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wọ́ ni pé ẹni tó ń yan ọjà kọ́ ló ń sanwó rẹ̀. Agbanisíṣẹ́ ló ń yan ilé-iṣẹ́, ohun tó sì sábà máa ń wò ni bí iṣẹ́ ìwé kò ṣe ní pọ̀ lọ́rùn òun. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń yọ owó rẹ̀ kì í sí níbi ìpàdé náà. Nígbà tí Office of Fair Trading, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ìdíje lọ́jà nígbà náà, yẹ ọjà yìí wò ní 2013, wọ́n sọ ọ́ kedere pé a kò lè gbára lé ìdíje nìkan kí òṣìṣẹ́ tó rí èrè gidi gbà. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi pààlà ní oṣù kẹrin 2015 pé, fún ẹni tí kò fúnra rẹ̀ yan ibi tí wọ́n máa dá owó rẹ̀ lé, ohun tí wọ́n ń yọ lọ́dún kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 0.75 nínú 100 lọ. Ní 2016, wọ́n tún fòfin de láàdá tí wọ́n máa ń yọ nínú owó òṣìṣẹ́ fún àwọn olùdámọ̀ràn.

Àmọ́ ẹ má fojú kéré ìdá 0.75 yẹn, ńṣe ló dà bí eku tó ń jẹni tó sì ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ká ní £10,000 wà nílẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, tó sì ń fi ìdá 5 nínú 100 pọ̀ sí i lọ́dọọdún kí wọ́n tó yọ tiwọn. Bí wọ́n bá ń yọ ìdá 0.3, ó máa lé ní £39,600. Bó bá jẹ́ ìdá 0.75 ni, kò ní pé £34,900. Nǹkan bí £4,800 ti bá ibẹ̀ lọ, ẹnikẹ́ni kò sì ní kọ̀wé sí yín nípa rẹ̀.

Ní ti ìnáwó ríra àti títa, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti rí i. Bóyá ìgbìmọ̀ alámòójútó ló ń darí ètò náà tàbí ilé-iṣẹ́ adójútòfò, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e jáde lọ́dọọdún sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú àpẹẹrẹ tí wọ́n fi pọ́ùn ṣe. Ẹ wá ìròyìn alága ìgbìmọ̀ alámòójútó náà, tàbí, bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ adójútòfò ni, ti ìgbìmọ̀ olómìnira wọn. Wọ́n kì í sábà gbé e síbi tí ojú máa tètè tó.

Ọmọ Alátẹ dáhùn pé:

Mo gbà pẹ̀lú akọ̀wé, ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tó ju ohun tí wọ́n ń yọ yìí lọ tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè. Ẹ bi agbanisíṣẹ́ yín bóyá lórí gbogbo owó oṣù yín ló ti ń ṣírò ìdá 3 nínú 100 tí òun náà ń dá sí owó ìfẹ̀yìntì yín, tàbí lórí èyí tó wà láàárín £6,240 àti £50,270 nìkan, torí òfin gba méjèèjì. Lórí owó ọdún £26,240, ti àkọ́kọ́ jẹ́ £787.20, ìkejì sì jẹ́ £600. Ẹ ò rí i pé ìyàtọ̀ ọdún kan ṣoṣo ju ohun tí wọ́n ń yọ nínú £11,400 yín lọ?

Ìyá Àdúgbò dáhùn pé:

Àbúrò, lórí kíkó wọn pọ̀, má kánjú o. Kọ́kọ́ wo ìwé tó ti pẹ́ jù lọ bóyá ìlérí pàtàkì kan wà nínú rẹ̀ tó máa bọ́ sọ́nù bó o bá kó owó kúrò. Èyí tí agbanisíṣẹ́ rẹ báyìí ń dá owó sí, jẹ́ kó wà níbẹ̀, torí bó o bá jáwọ́ níbẹ̀, tirẹ̀ náà lè dáwọ́ dúró. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ṣàdédé pè ọ́ pé òun máa bá ọ kó o, gé fóònù náà. Láti 2019 ni òfin ti ka irú ìpè bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá kọ̀ láti dáhùn, kọ ẹ̀sùn sí wọn ná, kó o tó lọ sọ́dọ̀ The Pensions Ombudsman, tó ń gbọ́ ẹ̀sùn nípa owó ìfẹ̀yìntì, tí kì í sì í gba kọ́bọ̀.

Òṣìṣẹ́ Alẹ́ dáhùn pé:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo rí ìròyìn alága náà lálẹ́ àná. Ìdá 0.11 ni wọ́n kọ fún ríra àti títa, nítorí náà £85.50 àti £12.54 ni mo fi ọwọ́ ara mi ṣírò, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ £98.04 lọ́dún. Ètò tí mo wà nínú rẹ̀ báyìí kò yọ ju ìdá 0.4 lọ. Mo ti kọ̀wé béèrè bóyá ìlérí kankan wà lórí ti àtijọ́ náà. Èsì wọn ni mò ń retí.