Mi ò fẹ́ se jọ̀lọ́ọ̀fù fún àlejò lọ́tẹ̀ yìí: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyàwó Bódìjà:
Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo gbé wá. Lálẹ́ Sátidé tó ń bọ̀, àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ mi mẹ́ta àti ìyàwó wọn ń bọ̀ wá jẹun nílé wa. Tẹ́ ẹ bá ka tèmi tọkọ mi mọ́ ọn, àwa mẹ́jọ la máa jókòó ti oúnjẹ. Gbogbo ilé tá a ti ń lọ kí ara wa, jọ̀lọ́ọ̀fù, dòdò àti adìẹ díndín ni. Ó dùn, mi ò bú u, àmọ́ ó ti sú mi. Ohun tí wọn ò retí ni mo fẹ́ gbé síwájú wọn.

Èyí tí mo ní lọ́kàn: kí wọ́n kọ́kọ́ fi àkàrà panu, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ ní Bahia lọ́hùn-ún ní Brazil, èyí tí wọ́n ń pè ní acarajé, tí wọ́n máa ń là, tí wọ́n á ki vatapá (ọbẹ̀ kíki tí wọ́n fi búrẹ́dì, àgbọn àti ẹ̀pà sè) àti edé sínú rẹ̀. Kí ìkọ́kọrẹ́ wá tẹ̀ lé e. Kí ìrẹsì ọ̀fadà àti ayamáṣe wá kádìí ẹ̀.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Mo ti jẹ ìkọ́kọrẹ́, àmọ́ mi ò sè é rí. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó náà kì í jẹ edé, tó bá jẹ ẹ́ ojú àti ètè rẹ̀ á wú. Mi ò sì fẹ́ kó jẹ́ pé ẹ̀rín wọn ni màá máa gbọ́ láti kíṣìnì títí wọ́n á fi lọ. Ọkọ mi ní kí n má fi ẹnu àlejò dán oúnjẹ wò. Kí lẹ rò?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó:
Ìyàwó wa, ẹ kú ìgbìyànjú. Ìkọ́kọrẹ́ kò le rárá, iṣu rẹ̀ ni kẹ́ ẹ rà bó ṣe yẹ. Ewùrà ni, kì í ṣe iṣu tá a fi ń gúnyán o. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé ìkọ́kọrẹ́ lẹ fẹ́ fi ṣe, torí ewùrà mìíràn wà tí omi inú rẹ̀ pọ̀ jù, kò ní dì bọ̀rọ̀. Èyí tó bá tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 2 á tó àwọn èèyàn yín, níwọ̀n ìgbà tí oúnjẹ mìíràn ti ṣíwájú rẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó máa rin ín, ẹ fi epo pupa pa ọwọ́ yín, torí ewùrà máa ń yún èèyàn lọ́wọ́. Ojú ihò kéékèèké ni kẹ́ ẹ fi rin ín. Ẹ wọ́n iyọ̀ sí i, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ gbo ó dáadáa. Tẹ́ ẹ bá bù ú lọ́wọ́ tó ń ṣàn, omi ti pọ̀ nínú rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ wá se ata yín: tàtàṣé, rodo, àlùbọ́sà, epo pupa, omi ẹran. Ẹ fi pọ̀nmọ́, pánla àti ẹja gbígbẹ tẹ́ ẹ ti yọ eegun rẹ̀ sí i. Kí ata yẹn ṣàn o, kó má ki. Tó bá ti ń hó, ẹ dín iná kù, ẹ máa fi ọwọ́ já ewùrà sínú rẹ̀ ní kékeré kékeré, ẹ dé e. Ibi tó máa ń bàjẹ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́ nìyí: Ẹ MÁ RÒ Ó. Ọwọ́ á máa yún yín láti rò ó, ẹ káwọ́ gbera. Tó bá tó bí ìṣẹ́jú 15 sí 20, tí ewùrà ti yí àwọ̀ padà, ẹ wá fi ọmọrogùn tàbí ṣíbí onígi rò ó jẹ́jẹ́, kí díẹ̀ yọ́ sínú ata, kí èyí tó kù ṣì wà ní kókó kókó. Kókó yẹn gan-an là ń wá.

Ó máa ń ki sí i tó bá ń tutù, torí náà kó ṣì rọ̀ díẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ̀bà tútù la fi ń jẹ ẹ́ nílé wa. Ẹ tẹ ẹ̀bà yẹn láàárọ̀, ẹ di í sínú ọ̀rá, ẹ gbàgbé rẹ̀ síbì kan. Àwọn tí kì í ṣe Ìjẹ̀bú á kọ́kọ́ fajú ro, ẹ má dá wọn lóhùn.

Bọ̀dá Mọ́níyà:
Ẹ se jọ̀lọ́ọ̀fù jàre. Ta ló ń wá Brazil wá sí Bódìjà?

Alásè Mọ́kọ́lá:
Bọ̀dá Mọ́níyà, ẹ jẹ́ ká gbọ́ràn.

Àbúrò mi, iṣẹ́ àsè ni mò ń ṣe jẹun, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ òótọ́. Oúnjẹ tẹ́ ẹ kà sílẹ̀ yìí pọ̀ jù fún ọwọ́ ẹnì kan. Ìkan ṣoṣo ni kó jẹ́ tuntun sí ọwọ́ yín lọ́jọ́ tí àlejò ń bọ̀. Vatapá ti tuntun, ìkọ́kọrẹ́ tuntun, ẹ tún fẹ́ máa ṣa òkúta nínú ọ̀fadà, kẹ́ ẹ tún máa dáná sun epo fún ayamáṣe? Ẹ yọ ọ̀fadà kúrò. Ẹ se ìkọ́kọrẹ́ lọ́jọ́ Túsìdeè fún ẹ̀yin àti ọkọ yín, kó kúrò ní tuntun. Ọkọ yín ni kẹ́ ẹ fi ẹnu rẹ̀ dán an wò, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Ní ti kíṣìnì, ohun tó ń dè wá mọ́bẹ̀ ni pé à ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ tó yẹ ká parí rẹ̀. Láti Fúráìdeè ni kẹ́ ẹ ti rẹ ẹ̀wà, kẹ́ ẹ bó o, kẹ́ ẹ ṣan èèpo rẹ̀ dànù, kẹ́ ẹ gbé e sínú fíríìjì. Ìdajì kóńgò á tó yín, á tún ṣẹ́kù. Ata ìkọ́kọrẹ́ náà, ẹ sè é sílẹ̀ lọ́jọ́ Fúráìdeè, ẹ má tíì já ewùrà sí i. Lọ́sàn-án Sátidé kẹ́ ẹ lọ ẹ̀wà, omi díẹ̀ báyìí ni o. Nígbà tó bá ku wákàtí kan kí wọ́n dé, ẹ gbé ata kaná, ẹ já ewùrà sí i, tó bá jinná ẹ dà á sínú kúlà. Àkàrà nìkan ló máa kù tẹ́ ẹ máa dín lójú wọn.

Ẹ̀wà lílọ̀ yẹn, ẹ fi ọmọ odó tàbí ọwọ́ lù ú dáadáa kí afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀. Ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ dín in gan-an ni kẹ́ ẹ tó fi iyọ̀ sí i. Tẹ́ ẹ bá ti fi iyọ̀ sí i láti ọ̀sán, á tẹ́ pẹrẹsẹ sínú epo.

Ẹ tún gbé sílíńdà gáàsì yín wò. Gáàsì kì í tán lọ́jọ́ tí kò sí àlejò.

Àbúrò Ọya:
Mo gbé ní Salvador, olú ìlú Bahia, fún ìgbà kan, inú mi dùn pé ẹnì kan fẹ́ ṣe acarajé n'Íbàdàn. Àwọn obìnrin tó ń tà á níbẹ̀, aṣọ funfun ni wọ́n máa ń wọ̀, wọ́n á wé gèlè, wọ́n á jókòó sẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú agbada epo wọn. Ní 2005 ni ìjọba Brazil kọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn sínú ìwé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà. Ọya ló ni àkàrà níbẹ̀ títí dòní.

Ẹ̀wà, àlùbọ́sà àti iyọ̀ nìkan ló ń wọ inú tiwọn. Ata kì í sí nínú rẹ̀, wọ́n máa ń se é lọ́tọ̀ ni, ẹni tó bá fẹ́ á ní kí wọ́n fi sí i. Èyí dáa fún yín, torí ẹ ò mọ ẹnu gbogbo àlejò. Epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, ó sì máa ń tóbi ju tiwa lọ, kó lè ṣeé là.

Vatapá kò le. Ẹ rẹ búrẹ́dì sínú omi funfun tẹ́ ẹ fún lára àgbọn tẹ́ ẹ rin. Ẹ lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ ẹ̀pà àti kajú yíyan, àlùbọ́sà àti ata ilẹ̀. Ẹ gbé e kaná pẹ̀lú epo pupa díẹ̀, ẹ máa rò ó láìdúró títí á fi ki tí kò ní lẹ̀ mọ́ ìkòkò mọ́. Edé lílọ̀ máa ń wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí ìyàwó ọ̀rẹ́ yín, ẹ yọ ọ́ kúrò pátápátá. Ẹ din edé lọ́tọ̀, ẹ gbé e sínú àwo tirẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí tirẹ̀, kí ó jìnnà sí ọ̀dọ̀ obìnrin náà, kí ẹni tó fẹ́ bù ú sí i fúnra rẹ̀. Ẹ má din edé nínú epo tẹ́ ẹ máa fi dín àkàrà o.

Ẹ bi obìnrin náà bóyá ẹ̀pà àti kajú bá a lára mu. Ẹ sì wo ẹ̀yìn páálí màgí yín, òmíràn wà tí edé wà nínú rẹ̀.

Àǹtí Peckham:
Ẹ̀yin tí ẹ lè sun epo fún ayamáṣe, ẹ máa dúpẹ́. Lọ́dọ̀ wa ní London níbí, kí epo tó ṣẹ́jú, ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn èéfín á ti figbe ta, gbogbo òkè àti ìsàlẹ̀ ilé á ti jáde. Ẹ jẹ́ kí ọ̀fadà lọ bí Alásè ṣe wí.

Tèmi ni pé, ẹ má rin gbogbo ewùrà yẹn sí ìkọ́kọrẹ́. Ẹ mú díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ gé àlùbọ́sà àti ata sí i, ẹ dín in ní ọ̀jọ̀jọ̀. Epo ti gbóná fún àkàrà náà, kò gba yín ní wàhálà kankan. Tí ẹnì kan bá fajú ro sí ìkọ́kọrẹ́ àti ẹ̀bà tútù, ọ̀jọ̀jọ̀ á ti wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Ẹ pe àwọn obìnrin yẹn wọ kíṣìnì. Èmi kì í dá dín àkàrà fún àlejò. Kí kálukú wá la tirẹ̀, kó ki vatapá sí i. Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ máa ń dùn. Ìtẹ́lọ́rùn wo ló wà nínú kí àlejò máa wo tẹlifíṣàn ní pálọ̀ nígbà tí onílé ń làágùn?

Bọ̀dá Mọ́níyà:
Ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Kí ó gbé àga, kí ó ra yìnyín, kí ó pọn omi tí iná ọba bá lọ. Mo ti yí ọkàn padà nípa Brazil. Ẹ ṣáà rí i pé ẹran wà níbì kan.

Ìyàwó Bódìjà:
Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin ará mi. Ọ̀fadà ti lọ. Àkàrà Bahia, ọ̀jọ̀jọ̀ díẹ̀, ìkọ́kọrẹ́ pẹ̀lú ẹ̀bà tútù. Nítorí Bọ̀dá Mọ́níyà, màá fi ẹran ìgbẹ́ sínú ìkọ́kọrẹ́, mo lérò pé àwọn Ìjẹ̀bú ò ní bínú. Sóbò ni màá fún wọn mu, pẹ̀lú kànáfùrù àti èèpo ọ̀pẹ̀yìnbó, láti Fúráìdeè ló máa ti wà nínú fíríìjì. Mo ti bi obìnrin náà, ẹ̀pà kò ṣe é ní nǹkan kan. Ọkọ mi ti ka ibi tẹ́ ẹ ti ní kó pọn omi, kò tíì fèsì.

Ìbéèrè kan ló kù: tí mi ò bá fi edé sí ata ìkọ́kọrẹ́ rárá, ṣé kò ní tẹ́ lẹ́nu?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó:
Ẹran ìgbẹ́ kẹ̀! Àwa ò bínú, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. Kò ní tẹ́, ẹja gbígbẹ ni kẹ́ ẹ fi kún un. Ẹ ra ẹja àrọ̀ tó gbẹ dáadáa, ẹ fi omi gbígbóná àti iyọ̀ fọ̀ ọ́, ẹ yọ orí rẹ̀. Kẹ́ ẹ fi ìkan gún kúnná sínú ata, kẹ́ ẹ bu èyí tó kù sí i lódindi. Àmọ́ ẹ má rà á lọ́dọ̀ ẹni tó ń kó ẹja àti edé pọ̀ sínú igbá kan náà.