GRE (ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò àti ìwé kíkọ fún àwọn tó fẹ́ wọ másítà tàbí PhD) fún ẹni tó fẹ́ lọ ka ìtàn l'Amẹ́ríkà, ṣé dandan ni?

Ọmọ Àjílété: Ẹ káàsán ẹ̀yin ará ilé. Ìtàn ni mo kà ní yunifásítì, mo sì fẹ́ wá PhD lọ s'Amẹ́ríkà, bí àwọn Onítẹ̀bọmi ṣe fìdí múlẹ̀ l'Ógbómọ̀ṣọ́ ni mo fẹ́ ṣiṣẹ́ lé lórí. Àwọn tá a jọ ń gbé ní Under G ní tí GRE mi ò bá ga, wọn ò tiẹ̀ ní wo fọ́ọ̀mù mi. Èmi àti ìṣirò ò sì rẹ́ láti sẹ́kọ́ńdìrì, owó ẹ̀ tún wá wọ́n! Ṣé kí n lọ yáwó ni?

Àdùkẹ́ Ọ̀yọ́: Ẹ má tíì yá kọ́bọ̀ jàre. Látìgbà kòrónà ní 2020 ni ọ̀pọ̀ dípátímẹ́ǹtì ìtàn, lítíréṣọ̀ àti fìlọ́sọ́fì ti pa GRE tì, kódà èyí tí wọ́n ń ṣe lọ́tọ̀ fún lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti fòpin sí i ní 2021. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn o, ojú ìwé dípátímẹ́ǹtì náà gan-an ni kẹ́ ẹ kà. Tí wọ́n bá kọ "not accepted", wọn ò ní wò ó bó ti wù kó ga tó. "Required" nìkan ló lè mú yín náwó.

Bọ̀dá Ìtàn: Òótọ́ ni. Àbúrò, ká tiẹ̀ ní dandan ni níbi tó o yàn, Verbal (apá èdè Gẹ̀ẹ́sì) àti ìwé kíkọ ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ìtàn máa ń wò jù, ìṣirò tó wálẹ̀ kì í sábà ba ti èèyàn jẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Writing sample, ìyẹn iṣẹ́ tó o fọwọ́ ara ẹ kọ tó o máa fi ránṣẹ́ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù, ni kó o gbájú mọ́! Mo mọ ẹnì kan tó ń há ọ̀rọ̀ GRE sórí tọ̀sán tòru, ó wá gé chapter kìíní project ẹ̀ ránṣẹ́ bó ṣe wà, "scope of study, significance of study" ló kún inú ẹ̀, kò sí ibì kan tó ti bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Lọ sí láíbìrì Seminary àwọn Onítẹ̀bọmi tó wà l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbẹ̀, 1898 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, wá nǹkan tí àwọn míṣọ́nnárì kọ, kó o sọ tẹnu ẹ lórí ẹ̀.

Ọmọ Àjílété: Ẹ ṣeun gan-an, ọkàn mi ti balẹ̀ díẹ̀. Lẹ́tà tí olùkọ́ máa kọ láti fi jẹ́rìí èèyàn ńkọ́? Ọ̀gá tó bójú tó project mi ti fẹ̀yìn tì, ṣé kí n lọ bá HOD (olórí dípátímẹ́ǹtì) tuntun tí ò mọ̀ mí?

Bọ̀dá Ìtàn: Bàbá tó fẹ̀yìn tì ni kó o lọ bá nílé, mú project náà dání. Àwọn ló mọ bó o ṣe ń ronú, HOD á kàn kọ ọ́ pé o níwà, o sì máa ń tètè dé kíláàsì. Tètè lọ o, December ni púpọ̀ nínú àwọn dípátímẹ́ǹtì Amẹ́ríkà yẹn máa ń ti fọ́ọ̀mù.