Ara ọmọ mi sú, ìyá ọkọ mi ní ọmú mi ni

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ gbà mí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ mi pọ́n, ó sú wínníwínní, lóru ló ń fi ojú ha èjìká mi ṣáá. Ní Ojúde Ọba tó kọjá a gbé e lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Aṣọ régbérégbé ọkọ mi nìkan ti gbọ́n àpò wa gbẹ, mi ò tíì sọ ti fìlà. Ìyá ọkọ mi tú ọmọ sílẹ̀ lójú gbogbo ẹbí, ó ní ọmú mi ló dọ̀tí. Ọkọ mi ò fọhùn! Kí ni kí n fún ọmọ yìí?

Ìyá Ìbejì, Ṣágámù: Èélá ni. Ẹ fún un lágbo mu. Àwọn ìbejì mi náà rí bẹ́ẹ̀ nígbà tá à ń gbé ní Mákún, nínú ilé tó ń jò yẹn. Ojú mi rí nǹkan.

Nọ́ọ̀sì, Ìpẹru: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un lágbo. Oṣù mélòó ni? Kí ló ń jẹ? Oògùn wo ló ti lò?

Bàbá Tóyìn: Ọkọ yín ló jẹ̀bi. Ó yẹ kó sọ̀rọ̀.

Ìyá Ìbejì, Ṣágámù: Àgbo ni wọ́n fi tọ́ gbogbo wa, Nọ́ọ̀sì.

Nọ́ọ̀sì, Ìpẹru: Àwọn tó dàgbà nínú wa ló ń ròyìn, Ìyá Ìbejì.

Ẹni tó béèrè: Oṣù mẹ́rin. Ọmú nìkan ni, mi ò fún un lómi rí. Èmi ò dọ̀tí o.

Nọ́ọ̀sì, Ìpẹru: Ọmú yín ò dọ̀tí, ìyàwó wa. Ṣúgà kan wà nínú rẹ̀ tí ikùn ọmọ fúnra rẹ̀ ò lè dà. Àwọn kòkòrò rere inú ìfun rẹ̀ ló ni oúnjẹ yẹn; Bifidobacterium là ń pe àwọn kan nínú wọn. Bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́, inú ìfun á kan díẹ̀ bí omidùn, kòkòrò búburú ò sì ní rí ibẹ̀ gbé. Ìfun yìí náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ ogun ara wa, àwọn tó ń bá àìsàn jà, ń gbé. Láti kékeré làwọn kòkòrò rere ti ń kọ́ wọn pé ará ilé nìyí, ọ̀tá nìyẹn. Tí ẹ̀kọ́ yẹn bá dàrú, ara lè máa bá ohun tí kò ṣe é jà, awọ á máa yún ọmọ, ikọ́ fée tí wọ́n ń pè ní ásímà lè wọlé. Ẹ ò tíì dá mi lóhùn lórí oògùn.

Ẹni tó béèrè: Mi ò fún un ní oògùn kankan. Ańtíbáyọ́tíìkì olómi yẹn nìkan ni mo máa ń rà ládùúgbò tí ìgbẹ́ rẹ̀ bá ti ṣàn. Ó tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ti àkọ́kọ́, kò tíì pé ogúnjọ́. Iṣẹ́ abẹ ni mo fi bí i, ẹ̀rù máa ń bà mí.

Ìyá Ìbejì, Ṣágámù: Ha! Ẹ̀ẹ̀marùn-ún!

Nọ́ọ̀sì, Ìpẹru: Ẹ má bá a wí. Ìgbẹ́ ọmọ ọmú máa ń ṣàn, ó máa ń pọ́n rúsúrúsú, àìsàn kọ́. Ọmọ tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ bí kì í tètè rí kòkòrò rere ìyá rẹ̀ gbà, oògùn yẹn sì ń pa ará ilé pọ̀ mọ́ olè. Mi ò ní òun nìkan ló fa èélá, ó máa ń tẹ̀ lé ìdílé. Ẹ má rà á mọ́. Èyí tí dókítà bá kọ nìkan ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ sì lò ó tán. Lọ́la, ẹ gbé e lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, ẹ mú páálí oògùn náà dání.

Ẹni tó béèrè: Ó wà lórí fìríìjì. Ṣé àwọn kòkòrò náà máa padà wá?

Nọ́ọ̀sì, Ìpẹru: Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n máa ń padà. Ẹ máa fún un lọ́mú.