Ẹ jọ̀ọ́, láptọ́ọ̀pù mi ń kú lójijì, ṣé Windows ló fà á ni àbí kí n ra òmíràn?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré n'Íbàdàn níbí tí mo ti ń tẹ prójẹ́ẹ̀tì fáwọn ọmọ iléèwé, láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni mò ń lò, Windows 10 ló wà lórí ẹ̀, ọdún mẹ́rin rèé kò yọ mí lẹ́nu. Àmọ́ látoṣù tó kọjá tí mo bá tàn án, màá ti gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tán kí Word tó ṣí, nígbà míì ojú ẹ̀ á kàn di búlúù, àmì ojú tó fajú ro á yọ síbẹ̀, á kú, á tún ara ẹ̀ tàn. Àná ló ṣe é nígbà tí mò ń tẹ iṣẹ́ ọmọ kan, ojú ewé 74, mi ò rí fáìlì yẹn mọ́. Ọmọ náà jókòó síwájú mi, kò bínú, ó kàn ń wo skríìnì ṣáá. Ẹni tó ń tà á ní Windows 10 ti kásẹ̀ nílẹ̀ kí n ra tuntun, ẹni tó ń bá mi tún un ṣe ní ká fọ́máàtì ẹ̀, ìyẹn ká nu gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀ kúrò. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

Bàbá Rere: Pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́máàtì nǹkan kan o! Ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo iṣẹ́ yín sórí fláàṣì. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Disk sí, ṣé 100% ló ń dúró sí? Ẹ gbétí sí abẹ́ ẹ̀ náà, ṣé ó ń dún kẹ́kẹ́kẹ́? Bátìrì ẹ̀ ńkọ́?

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé sà. 100% ni, ó sì ń dún lóòótọ́. Bátìrì ti kú tipẹ́, iná tààrà la fi ń lò ó, tí NEPA bá ti mú un lọ, òun náà á kú.

Bàbá Rere: Ibẹ̀ gan-an ló wà. Àwo tó ń yí bìrìbìrì ló wà nínú hard disk yẹn, ibi tí láptọ́ọ̀pù ń tọ́jú iṣẹ́ sí, ti láptọ́ọ̀pù sábà máa ń yí ní ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan, tí iná bá já nígbà tó ń kọ̀wé lọ́wọ́, ohun tó ń kọ lè bàjẹ́. Disk tó bá ti ń kú, fọ́máàtì ò lè wò ó sàn, ńṣe la kàn ń kun ilé tí ìpìlẹ̀ ẹ̀ ti ń yẹ̀. Ẹ fi CrystalDiskInfo, ètò tó ń yẹ ara disk wò, wò ó, ọ̀fẹ́ ni, tó bá kọ Caution tàbí Bad, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ sí SSD, irú disk mìíràn tí kò ní àwo tó ń yí. Kí ẹ sì ra bátìrì mà, ẹ jọ̀ọ́.

Ọmọ Ìkẹjà: Òótọ́ ni pé Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní October 14, 2025, àmọ́ ìyẹn ò lè sọ ojú kọ̀ǹpútà di búlúù. Ewu tó wà ńbẹ̀ ni ihò táwọn olè lè gbà wọlé tẹ́nì kankan ò ní dí, ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún ESU, ètò ìtọ́jú àfikún ti Microsoft, ṣì ń rí ìtọ́jú gbà di October 2026. Windows 11 ń béèrè TPM 2.0, ìyẹn ohun ààbò inú kọ̀ǹpútà, tó bá sì jẹ́ Intel ni prósẹ́sọ̀ ẹ̀, láti 8th gen (ìran kẹjọ) lọ sókè ni wọ́n sábà ń gbà, nítorí náà ẹ wo ti yín dáadáa. Èmi ti kó lọ sórí Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń rọ́pò Windows, ní tèmi.

Bàbá Rere: Linux dáa o àbúrò, àmọ́ prójẹ́ẹ̀tì ni mọ́mì ń tẹ̀, tí LibreOffice, ètò ìtẹ̀wé tí wọ́n ń lò lórí Linux, bá ṣí iṣẹ́ Word, táblì lè kúrò láyè ẹ̀, supafáísọ̀ ò sì ní gbà á.

Ìyá Ìbejì: Caution ló kọ, pẹ̀lú àwọ̀ yẹ́lò. Mo ti ń kó fáìlì látàárọ̀. Ẹ gbọ́, mo wọ Word, mo tẹ File, Info, Manage Document, mo rí ẹ̀dà tó tọ́jú fúnra ẹ̀, iṣẹ́ ọmọ yẹn dé ojú ewé 61! Mo ti pè é, ó ti ń bọ̀.